TA LÓ BÓ Ọ?

Ọ̀rọ̀ ara ni mo mú wá lọ́dún yìí. Ẹni tí ó bá bá wí, kí ó má bínú sí mi, nítorí èmi gan-an ni ó kọ́kọ́ bá wí.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ ra ìpara ní ọjà ní Adó-Èkìtì. Ìpara náà kò ní orúkọ. Obìnrin tí ó tà á bu díẹ̀ nínú ike kan, ó fún díẹ̀ láti inú túùbù, ó da omi ìgò kan lé e, ó rò ó pọ̀, ó ní kí n máa fi pa ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kì í ṣe ìbóra, ńṣe ni yóò kàn fọ ojú mi mọ́. Kò pé oṣù méjì tí ojú mi fi pọ́n. Oríkèé ìka ọwọ́ mi nìkan ni ó kọ̀ jálẹ̀, ó dúdú bí ó ti wà.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sí Ìjàn. Ìyá ìyá mi jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló bó ọ?" Mo ní, "Yèyé, mi ò bóra o, mo kàn ń tọ́jú ara ni." Ó na ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ìtọ́jú náà ni mo ń ṣe fún èyí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ara wa kì í ṣe ti ìpara, ti orúkọ ni. Ọlọ́jà a ní ìfọjú ni, a ní ìdánra ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: a ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń bó awọ ẹran, a sì ń bó ara. Ohun tí a bá bó èèpo rẹ̀, ṣé ó máa ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ike náà. Hydroquinone a máa dí ara lọ́wọ́ láti pèsè àwọ̀ dúdú tí ó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. Bí ó bá pẹ́ lára, ó lè sọ ojú di dúdú bí ẹni fi aró kùn ún. Láti ọdún 1975 ni àwọn dókítà ti kọ èyí sílẹ̀ ní South Africa. Ẹni tí ó ń sá fún dúdú ni ó tún lọ pàdé dúdú tí kò ṣeé fọ̀. Mercury ń ba kíndìnrín jẹ́. Steroid jẹ́ oògùn gidi lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ìpara ojoojúmọ́, awọ a fẹ́lẹ́, a máa là, egbò kì í sì í tètè jinná. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá kan ń fi irú nǹkan yìí pa ọmọ ọwọ́!

Fẹlá fi orin "Yellow Fever" bá àwọn abóra wí ní ọdún 1976. Ní ọdún 2023, àjọ NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ ìbóra ti di pàjáwìrì. Síbẹ̀ ọjà náà kò tí ì tú.

Àwọn àṣìṣe mìíràn wà. Àwọn kan ń fi kànhìnkànhìn líle họ ara títí yóò fi bó. Àwọn mìíràn ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú, wọ́n a sì bọ́ sínú oòrùn. Ó lè jó awọ, kí ó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Èékánná ni ẹlòmíràn fi ń tẹ irorẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Ọṣẹ tí kò le àti omi tó. Bí ọyẹ́ bá dé, a ní òrí. Ìpara tí kò bá ní àkọsílẹ̀ ohun tí a fi ṣe é, ẹ má fi kan ara. Èyí tí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán apá wò. Bí àìsàn awọ bá wà, dókítà ni kí ẹ lọ rí, kì í ṣe ọlọ́jà. Ẹni tí ó bá sì ti pẹ́ lórí steroid, kí ó má dá a dúró lójijì láìrí dókítà.

Ẹnìkan lè ní, "Ara mi ni, kí ló kàn ọ́?" Ó kàn wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń yan àwọn tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò, àwọn wo ni a kọ́kọ́ ń nawọ́ sí? Ṣé kì í ṣe àwọn tí ó pupa? Àwọn baba wa yin adúmáadán, wọ́n sì yin apọ́nbéporẹ́. N kò gbọ́ pé wọ́n ní kí ọ̀kan bó ara rẹ̀ di èkejì. Àwa tí a ń kọ́ èdè wọn ni ó yẹ kí a rántí.

Ojú mi ti padà báyìí, ṣùgbọ́n kò tètè padà. Ẹni tí ó bá tún pè yín pé kí ẹ wá fọ ojú, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Yèyé: ta ni ó fẹ́ bó?