Kì í ṣe gbogbo aṣọ ni à ń sá lóòrùn

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìṣirò kò ṣòro fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ iye ènìyàn tí ń bẹ nínú ilé kan, tí ó mọ orúkọ wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sóko, ti di kọ́kọ́rọ́ ilé náà mú. Lónìí, ní Aguidi bí ó ti rí ní Sakété àti ní Pobè, àwa ọmọ wọn ni à ń fi ọwọ́ ara wa kó gbogbo ọ̀rọ̀ ilé fún ẹ̀rọ tí a gbé sápò, kò sì jọ wá lójú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá gba ètò tuntun sórí tẹlifóònù, ó lè béèrè àyè láti wo àwọn orúkọ àti nọ́ńbà tí a kó pamọ́, láti mọ ibi tí a wà, láti wo àwòrán wa. Èdè Faransé ni ó sábà fi ń béèrè, ọ̀pọ̀ kò sì lè kà á. Wọ́n á tẹ « J'accepte », nítorí pé wọ́n rò pé láìtẹ̀ ẹ́, ọ̀nà kò ní là. Lórí tábìlì àwọn kan tí ń bá wa fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù pàápàá, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ, nọ́ńbà àti iye owó oníkálukú sí a máa wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Àwọn kan á ní: « Èmi kò jalè, n kò ní ohun tí mo ń fi pamọ́. » Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn nọ́ńbà inú fóònù wa kì í ṣe tiwa: ti ìyá wa ni, ti àna wa, ti akápò ẹgbẹ́ wa. Ta ni ó fún wa láṣẹ láti fi wọ́n tọrẹ? Nígbà tí gbájúẹ̀ bá sì pe ènìyàn, tí ó dárúkọ rẹ̀ àti orúkọ ọmọ rẹ̀ kí ó tó béèrè owó, ẹ rántí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Òfin wà. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, fi odindi ìwé rẹ̀ karùn-ún dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa wa, láti ní kí a tún un ṣe tàbí kí a pa á rẹ́. Àjọ APDP wà ní Kútọnu láti gba ẹ̀sùn wa. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ní ọdún 2018 kan náà, ìjọba pàṣẹ pé kí a máa san fàránkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wo Facebook tàbí WhatsApp. Ariwo ta jákèjádò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìjọba sì fagi lé e nínú oṣù kẹsàn-án. A mọ bí a ti í pariwo, nígbà náà. Fàránkì tí ń jáde lápò, ojú wa rí i. Ọ̀rọ̀ ara wa tí ń jáde, ojú kò rí i. Ibẹ̀ ni àìbìkítà wa ti ń wá.

Iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kọ́ àgbẹ̀ láti ka òṣùwọ̀n, kí ẹni tí ń ra ẹyìn tàbí àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ má baà rẹ́ ẹ jẹ. « J'accepte » ni òṣùwọ̀n ayé ìsinsìnyí, ó sì yẹ kí ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní gbogbo kíláàsì àgbà. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta fóònù àti ìlà rẹ̀ fún wa máa béèrè àyè lédè tí a gbọ́, kí APDP sì máa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lórí rédíò. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a sọ fún ọmọdé tí ń bá wa tẹ fóònù pé kí ó kà á síta fún wa kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ètò tí ń fi ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì hàn wá kò nílò nọ́ńbà ìyá wa.