Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Orin Festac?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, olórin ọmọ ilẹ̀ Brazil kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gilberto Gil wá sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC. Inú àwọn ilé tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni wọ́n fi àwọn àlejò wọ̀ sí. Gil wo àwọn ilé náà títí, ó rí i pé wọ́n jọ àwọn tí ìjọba kọ́ ní Rio de Janeiro fún àwọn tálákà tí wọ́n kó kúrò ní àdúgbò wọn. Èrò yìí ni ó gbé padà sílé, òun ni ó sì bí àwo orin rẹ̀ tí ó pè ní Refavela, tí ó jáde ní ọdún náà gan-an.

Àwọn ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Ìlú Festac ni à ń pe ibẹ̀ lónìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń dàgbà nínú àwọn ilé wọ̀nyí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń lọ sí yunifásítì, díẹ̀ nínú wọn sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Nígbà tí ó bá di ọdún àṣekágbá, olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ orin ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kí ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ? Ìgbésí ayé Beethoven. Ìwúlò orin nínú ìjọ Ọlọ́run. Ipa tí orin ń kó láàárín àwọn ọ̀dọ́. Orí kìíní jọ orí kìíní ti ẹni tí ó ṣe tirẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá. Àṣìṣe tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ a máa tẹ̀ lé e dé inú ti ìkẹta. Wọ́n á di ìwé náà, wọ́n á fi wúrà kọ orúkọ sí i lẹ́yìn, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku a sì gorí rẹ̀.

Ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti fi yé e pé ohun tí ó wà nínú ìwé ni ìmọ̀, àti pé ohun tí òun ń gbọ́ lẹ́yìnkùlé bàbá òun kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́. Andrew Apter, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí FESTAC ní 2005. Àwọn Chimurenga ní Cape Town ṣe ìwé ńlá tiwọn ní 2019. Ní 2022 ni àwọn àwòrán tí Marilyn Nance, ayàwòrán láti Brooklyn, yà ní Èkó nígbà àjọ̀dún náà di ìwé. Ọpẹ́ ni ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ọmọ Festac bá fẹ́ mọ orin tí wọ́n lù ní ìlú rẹ̀, ṣé òkè òkun ni yóò máa ránṣẹ́ sí títí láé ni?

Àjọ̀dún náà kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni ó bẹ̀rẹ̀, ó parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Àwọn tí wọ́n wá kópa lé ní 15,000, orílẹ̀-èdè wọn sì lé ní 50. Miriam Makeba wá, Stevie Wonder wá, Sun Ra kó àwọn onífèrè rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí lónìí ni ojú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia, tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yá wa. Ojú kò gbàgbé. Etí ni ó gbàgbé.

Níbí ni iṣẹ́ ti wà fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n nínú. Kí ó má ṣe rò pé gbogbo àgbàlagbà tí ó ń gbé Festac ni ó rí FESTAC. Lẹ́yìn tí àlejò lọ ni ìjọba ṣẹ́ gègé lórí àwọn ilé tí wọ́n lé ní 5,000 náà, tí àwọn tí gègé mú sì kó wọlé. Ẹni tí ó gbọ́ orin náà lè jẹ́ awakọ̀ tí ó ń gbé àwọn onílù lọ sí Gbọ̀ngán Tíátà ní Ìgànmú. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó ń dáná fún wọn, tàbí ọlọ́pàá tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó lè jẹ́ ọmọ Àwórì tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń gbé àgbègbè náà kí ẹnikẹ́ni tó mú bíríkì débẹ̀, tí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní abúlé wọn tí ó ń gbọ́ ìlù àwọn àjèjì lóru. Nítorí náà, “Níbo lẹ wà ní 1977, bàbá?” ni ìbéèrè kìíní, kì í ṣe “Ẹ sọ fún wa nípa FESTAC.” Ìbéèrè kejì ni: “Orin wo lẹ gbọ́, ẹ lè fi ẹnu ṣe é?” Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin.

Kí ó sì gbọ́ tẹnu àwọn tí wọn kò lọ. Fẹlá Aníkúlápò Kútì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò àjọ̀dún náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó bínú kúrò níbẹ̀, ó sì ń kọ orin tirẹ̀ ní Shrine nígbà tí ìjọba ń ṣe àríyá. Àwọn olórin òkèèrè ń yọ́ lọ bá a níbẹ̀ lálẹ́. Ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ni àwọn ṣọ́jà jó ilé rẹ̀, Kalakuta, kanlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ìtàn FESTAC tí kò fi èyí kún un, ìwé ìpolongo ìjọba ni ó kọ, àní bí ó tilẹ̀ gba máàkì tí ó pọ̀.

Ìdílé Fẹlá yìí kan náà ni ó tọ́ka sí ẹ̀ka mìíràn tí ìwádìí lè gbà, ìyẹn kíkọ orin. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, lọ sí London ní 1922, ó sì kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ohun tí bàbá àgbà yìí mọ̀ ni pé èdè wa ní ohùn, àti pé orin tí kò bá tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ yóò sọ ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn. Àwọn òyìnbó oníwàásù àti àwọn ògbifọ̀ wọn tú orin ìyìn sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bí ó ti wà. Bí ohùn orin bá wọlẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọkọ́ àgbẹ̀ ti di ọkọ̀ nìyẹn. Bí ó bá dúró lójú kan, ó di ọkọ ìyàwó. Ẹgbẹ́ akọrin ń kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ìjọ ń dáhùn, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí wọ́n ń wí. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Marina láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí ọ̀ràn yìí, ó sì kọ ìwé lé orin Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1953. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin ní kékeré kí ó tó di ìlúmọ̀ọ́ká.

Kò sí ilé ìjọsìn kan ní Festac tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó mú orin mẹ́wàá tí ìjọ kan ń kọ, kí ó kọ do-re-mi rẹ̀ sókè, kí ó kọ àmì ohùn ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, kí ó ka iye ibi tí méjèèjì ti bá ara wọn jà. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sí ìjọ aláṣọ funfun tí ó wà ní òpópónà kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi ìlù àti àtẹ́wọ́ gbé orin tí wọn kò tú láti inú èdè kankan, kí ó tún ka tiwọn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó bá mọ àmì ohùn dáadáa lè ṣe èyí pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì àti ìwé kan ṣoṣo. Ó sì ṣeé ṣe kí ó rí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀, èyí tí í ṣe ìdùnnú ìwádìí. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń gbé Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin: èdè Ìgbò àti èdè Ògù náà ní ohùn, àwọn tí ó ń sọ wọ́n sì wà nínú kíláàsì kan náà.

Ọ̀rọ̀ fífi orin ṣe ìtọ́jú aláìsàn gba ìṣọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, láti 1944 ni yunifásítì kan ní Michigan ti ń kọ́ni ní i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró. Níbí, ẹnu àwọn kan ti yá jù: wọ́n á ní orin ń wo àrùn yìí, ìlù ń lé àrùn tọ̀hún, láìwọn ohunkóhun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lójú. Ní ilé ìgbẹ̀bí, ní ọjọ́ tí àwọn aboyún bá wá fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì a máa dá orin lórí ọmú fífún ọmọ, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìyá á sì máa gbè é. Èwo nínú orin wọ̀nyí ni ìyá ṣì rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó rántí ni, àbí ijó rẹ̀ nìkan? Ìbéèrè kékeré nìyí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ yóò wúlò fún nọ́ọ̀sì ju ìwé ńlá nípa agbára orin lọ.

Ìwà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń hù sí àwọn onílù ni ó kù. Ọ̀pọ̀ a máa wọlé tọ àyàn, wọ́n á na fóònù sí i lẹ́nu, wọ́n á gba ohùn ìyáàlù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á lọ. Nínú ìwé wọn, “onílù kan” ni yóò máa jẹ́, nígbà tí òǹkọ̀wé tí wọ́n da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ní orúkọ àti ọdún. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Akin Euba, tí Yunifásítì Ghana ní Legon fún ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1974 lórí ìlù dùndún, mọ dùùrù tẹ̀ bí òyìnbó, síbẹ̀ àwọn onílù ni ó lọ bá kí ó tó lè ṣàlàyé ohun tí ìlù náà ń ṣe. Àyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó gba ohùn rẹ̀, kí ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ síwájú bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀dà ohùn náà sì padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ lè fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú.

Àwáwí pé ọ̀nà jìn kò sí mọ́. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra ní Mile 2, lẹ́bàá Festac, lọ sí Marina, ó sì ń dúró nítòsí Gbọ̀ngán Tíátà Ìgànmú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Èkó náà ni CBAAC wà, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 láti máa tọ́jú àwọn ohun tí FESTAC fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání. Ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé e padà sí Mile 2 ní ìrọ̀lẹ́. Ní ti awakọ̀ tí ó gbé àwọn onílù lọ sí Ìgànmú ní 1977, ojúlé kejì sí ilé wọn ni ó lè máa gbé.