Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gé imú mọ́tò, ẹ rọra o!

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ́tò kan wà, tí wọ́n bá ti ra mọ́tò, wọ́n á ní kí mẹkáníìkì tú àpótí àti páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ dànù, kó de fílítà róbótó kan mọ́bẹ̀. Wọ́n ní kó lè máa mí dáadáa ni. Bó bá ti ń bú bíi kìnnìún, inú wọn á dùn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo lásán ni. Páìpù tí wọ́n tú yẹn, afẹ́fẹ́ tútù látìta ló ń fà wá. Fílítà ìhòòhò yìí, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà mu. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ọ́síjìn inú ẹ̀ kì í tó ti tútù, agbára mọ́tò á sì dínkù.

Tí fílítà ọ̀hún bá wá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Eruku ọyẹ́ á ha rìǹgì àti sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Àwọn tó fa páìpù tiwọn wálẹ̀ sẹ́yìn bọ́ńpà, àgbàrá òjò ni kí wọ́n bẹ̀rù: tí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu, rọ́ọ̀dù inú ẹ̀ lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fi ti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ fílítà tó bá ti dọ̀tí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjà Ládipọ̀ ní Mushin ni olúwarẹ̀ yóò ti lọ máa ná ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀.