Wárápá Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀, Fífi Í Pamọ́ Gbé Èrò Ni Ẹ̀ṣẹ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ara tó sì dá ẹ̀mí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kò ní dùn létí àwọn kan nínú wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ìyá kan wá bá mi ní ilé kéwú wa ní Bàrúwà. Ó ní kí n ṣe hántú fún ọmọ òun. Ọmọ náà ti lé ní ogún ọdún, wárápá sì ti ń gbé e ṣubú láti kékeré. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ọmọ náà ń ṣe. Ó ní, “Ọ̀kadà ló ń gùn, Alfa. Láti ìhín dé Ìpájà, nígbà mìíràn dé Àyọ̀bọ̀.” Mo ní kí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ta ni yóò wá máa bọ́ wa?” N kò rí èsì fọ̀. Mo ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ, mo sì jẹ́ kí ó máa lọ.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wárápá gbé ọmọ náà lórí ọ̀kadà. Ìyá ọlọ́mọ kan ló gbé sẹ́yìn, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá náà kán. Ọlọ́hun ló ní kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ má kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà mọ̀, mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi òtítọ́ sí ipò rẹ̀. Wárápá kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Bukhari àti Muslim gba hadiisi obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), tó ní wárápá ń gbé òun ṣubú, ara òun sì máa ń ṣí sílẹ̀. Ànábì fi í sí yíyàn: kí ó ṣe sùúrù, kí Àlùjánnà jẹ́ tirẹ̀, tàbí kí òun bá a tọrọ ìwòsàn. Ó yan sùúrù, ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀. Ibn Abbas máa ń tọ́ka sí i pé ọmọ Àlùjánnà nìyí. Ẹni tí Ànábì kò lé, ta ni ìwọ tí o ń yọ abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀? Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ran ènìyàn. Nínú ọpọlọ ni àìsàn náà wà: iná kékeré tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣẹ́ gììrì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn tó ní in kò sì kéré. Àjọ ìlera àgbáyé ní wọ́n tó 50 mílíọ̀nù káàkiri ayé. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará Ìgbò-Ọrà wò, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 sì fi hàn pé bíi ènìyàn 5 nínú 1,000 ló ní in. Bí ènìyàn 1,000 bá péjọ kí Jímọ̀ ní mọ́sálásí rẹ, o lè ti kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀.

Nítorí náà, n kò bá aláìsàn jà. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń gbé òun, tó sì ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn ọ̀kadà, ni mo ń bá jà, àti gbogbo ẹni tó ń bá a bò ó. Wárápá lè dé láìránṣẹ́ ṣáájú. Kọ̀rọ́pẹ̀ tó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn ju 600 mítà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni tó dì í mú kò bá sí nínú ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ wo iye ọmọ ilé-ìwé tó lè wà lójú ọ̀nà náà.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní kádàrá ni. Ǹjẹ́ ẹ mọ kádàrá ju Sáyídínà Umar lọ? Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáámù, ní ọdún 18 lẹ́yìn Hijira, Umar yí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ni òun ń sá lọ. Ànábì fúnra rẹ̀ kọ̀ fún wa láti sùn lórí òrùlé tí kò ní ògiri yíká. Ọ̀kadà lábẹ́ onítọ̀hún tí kò lo oògùn, òrùlé tí kò ní ògiri ni.

Ẹ óò ní Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹni tó bo àṣírí mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Èrò tó san owó rẹ̀, tó gun ẹ̀yìn rẹ, òkè òkìtì ló rí. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Àwa ará Bàrúwà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún wa. Epo bẹntiróò tó jò lábẹ́ ilẹ̀ ló wọ kànga wa, ojú kò rí i títí omi fi ń rùn. Ohun tí a kò rí kò ṣíwọ́ jíjò.

Ẹ óò ní ebi ń pa yín. Èyí ló wúwo jù, n kò sì ní fi ṣeré. Lọ́dún 2022 tí ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Mushin, Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn. Iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa nìyẹn. Síbẹ̀, ka Suuratun-Nisā', āyà 92. Ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, láìmọ̀ọ́mọ̀, yóò san owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ará òkú àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, yóò sì tú ẹrú sílẹ̀; bí kò bá rí i, yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì tẹ̀lé ara wọn. Èyí ni ti ẹni tí kò mọ̀. Ìwọ tí o mọ̀ ńkọ́? Mélòó ni owó ọ̀kadà ọdún kan tí yóò san ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbòmíràn. Ní ìlú Ọba, ẹni tí wárápá gbé gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ dúró, kí ó sì sọ fún ìjọba. Bí ó bá lo oṣù 12 láìsí pé ó gbé e, ó sábà máa ń lè padà sídìí mọ́tò tàbí alùpùpù tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wa bọ́ọ̀sì èrò yóò lo ọdún 10 láìsí wárápá, láìsí oògùn. Ní December 2014, awakọ̀ ẹlẹ́rù ìdọ̀tí kan dákú lórí ìjókòó ní Glasgow, ènìyàn 6 kú. Kì í ṣe wárápá, ṣùgbọ́n ó ti dákú rí, ó sì fi pamọ́.

Ẹ̀yin alfa ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹni tó bá sọ fún aláìsàn pé kí ó da oògùn nù nítorí rúkíyà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti i sí kòtò. Ànábì ní kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Oògùn phenobarbital ti wà lágbo ìṣègùn láti 1912, kò sì wọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé ní bí ìtọ́jú bá péye, nǹkan bí 70 nínú 100 lè gbé láìsí pé ó ń gbé wọn mọ́. Ka Àlùkùránì sí i lára, kí ó sì lo oògùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà. Bí ó bá dá a dúró lójijì, àìsàn náà lè padà wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti iná tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀, ìpalára ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé tramadol mì kí ó má baà rẹ̀ yín lórí ọ̀kadà, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè fa gìrì sára ẹni tí kò ní in rí. Àìsùn náà ń ru ú sókè.

Kí ni kí a ṣe? Bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba ní Ìgàndó, kí wọ́n darí rẹ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí ọsibítù ọpọlọ ní Yábà. Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà. Bí ó bá ṣubú, ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ìbéèrè ìyá yẹn, ẹ̀yin ló wà fún. Suuratut-Tawbah, āyà 60, ka aláìní àti onígbèsè mọ́ àwọn tó ni sàká. Ẹni tó jẹ gbèsè ọ̀kadà tí kò lè gùn mọ́, méjèèjì ni. Kí ẹ tó ra kápẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ ra ẹrù sínú ṣọ́ọ̀bù fún un. Ẹ má fi í sídìí àkàrà díndín. Epo gbígbóná kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tí mo sọ lókè ń ta fèrèsé fóònù àti ṣájà báyìí, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ó bi mí pé, “Alfa, nígbà wo ni mo lè padà sídìí ọ̀kadà?” Mo ní kí ó bi dókítà rẹ̀. Ó bínú díẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ yẹn ṣì ń tiro.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀. Āmīn.