Ẹ kọ́kọ́ ṣe síkáànù etí ọmọ

Ẹ̀bẹ̀ owó kì í tán lórí WhatsApp àwa ará Command, l'Alimosho, l'Ékòó. Ọmọ kan dití láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i létí, owó rẹ̀ sì wọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Èmi náà máa ń dá díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo ń bi wọ́n: ṣé ẹ ti ṣe síkáànù inú etí ọmọ náà?

Kì í ṣe gbogbo etí ni ẹ̀rọ yìí lè wọ̀. Kọ́kílíà wà nínú eegun etí, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ìlọ́ rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní méjì àbọ̀. Ibẹ̀ ni dókítà ń ti okùn tín-ín-rín ẹ̀rọ náà bọ̀, kó lè máa ta iṣan ìgbọ́ràn jí. Ní 1791, Carlo Mondini, dókítà ará Ítálì, ṣàlàyé etí ọmọkùnrin adití ọlọ́dún 8 kan: kọ́kílíà rẹ̀ ò lọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ. Ẹ̀rọ sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú irú etí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lu kọ́kílíà náà, omi tó yí ọpọlọ ká lè tú yàà, iṣan tó ń gbé ojú lè wà níbi tí dókítà ò retí, àrùn lọ́rùnlọ́rùn sì lè wọlé lẹ́yìn náà. Ẹni tó ti wo síkáànù CT àti MRI á ti mọ ohun tó ń lọ bá.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò ní kọ́kílíà rárá, àwọn mìíràn ò ní iṣan ìgbọ́ràn; etí wọn ni ẹ̀rọ yìí ò lè wọ̀. (Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, oyún ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Ẹ yé bá ìyàwó jà.)

Kí a tó dé orí síkáànù, ó yẹ kí a tètè mọ ọmọ tí ò gbọ́ràn. Ní 2005, Dókítà Bolajoko Olusanya àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ etí ìkókó wò níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG l'Ékòó. Mo fẹ́ kí ìjọba sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di dandan ní gbogbo ibùdó abẹ́rẹ́ Alimosho.

Bí síkáànù bá sì ní kò sí iṣan ìgbọ́ràn, ẹ má dá owó náà padà. Ó tó owó ọkọ̀ ọmọ láti Command dé ilé-ẹ̀kọ́ adití Wesley ní Sùúrùlérè fún ọ̀pọ̀ ọdún, á sì kù fún bàbá àti ìyá láti kọ́ èdè ọwọ́.