Kí Hoopers Di Òpó Ilé Mú Ná

Láti Lekki dé Ajah, ohun tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ń sọ ni pé àfi bí ẹgbẹ́ Rivers Hoopers bá tún kó ará Amẹ́ríkà wá ni wọ́n fi lè gba ife BAL, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà. Èmi ò gbà. Will Perry, ará Amẹ́ríkà, gbìyànjú nígbà tí wọ́n gba ipò kẹta ní Kigali lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n àlejò kì í pẹ́ lọ. Ẹ wo ẹgbẹ́ Houston Rockets ní NBA, líìgì Amẹ́ríkà: ọdún 1984 ni wọ́n mú Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, ọdún 1994 ni wọ́n tó gba ife. Kí Clyde Drexler, tí wọ́n gbà láti ẹgbẹ́ mìíràn, tó dé lọ́dún 1995, òpó ti dúró. Ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn NBA lọ́dún náà, síbẹ̀ wọ́n tún gbà á. Kí Hoopers kọ́kọ́ fi àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ di àwọn ọmọ ilé mú.