Ẹni Tí A Jẹ Lówó Kọ́ Ló Yẹ Kó Máa Dá Iye Lé Ọjà Wa

Bí owó yíyá bá délẹ̀, yàrá ìpàdé kì í gbà wá. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ní ká para pọ̀ ra ajílẹ̀, tàbí ká kó irè oko wa jọ ká tà á pọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Wọ́n rò pé owó yíyá nìkan ni ẹgbẹ́ wà fún. Èrò tiwa ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan ṣàlàyé, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Templecrone ni wọ́n ń pe ẹkùn náà, ní Donegal, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ìlú Dungloe ni ọjà wọn. Ilẹ̀ olókè olókùúta ni, irà ló sì wà láàárín òkúta. Oko kékeré kékeré ni kálukú ní. Pòtétò ni oúnjẹ wọn. Wọ́n ń sin màlúù kan tàbí méjì, wọ́n sì ń sin adìyẹ. Igi ìdáná ò sí, erùpẹ̀ irà ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n fi ń dáná. Àwọn tó wà létí òkun ń ru koríko inú òkun wá sórí ilẹ̀ kí ó lè sanra.

Oko yẹn ò tó bọ́ ìdílé. Lọ́dọọdún ni àwọn ọkùnrin ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Skọ́tlándì láti bá olóko ibẹ̀ kórè. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń mú lọ sí ọjà ìgbanisíṣẹ́ ní Strabane. Olóko ọlọ́rọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dúnàádúrà, ọmọ á sì lọ sìn ín fún oṣù mẹ́fà gbáko. Kì í ṣe ìwọ̀fà gan-an, nítorí owó wà fún un níparí. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà nílẹ̀ yìí á mọ irú ẹkún tí ìyá ọmọ náà sun.

Ibo wá ni gbogbo owó yìí ń lọ? Ọ̀dọ̀ olówó èlé ni. Wọ́n ní orúkọ fún irú rẹ̀ níbẹ̀, gombeen ni wọ́n ń pè é. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń tà wọ́n ní ìyẹ̀fun àti ajílẹ̀ láwìn, iye tó bá sì wù ú ló ń kọ sínú ìwé. Òun náà ló tún ń ra ẹyin adìyẹ wọn àti ìbọ̀sẹ̀ tí àwọn obìnrin ń hun. Tíì àti ṣúgà ló sì sábà máa ń fi san án, kì í ṣe owó. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnì kan ló ń dá iye lé ohun tí wọ́n ń rà, òun kan náà ló ń dá iye lé ohun tí wọ́n ń tà. Ta ló jẹ gbèsè tó máa láyà láti gbé ẹyin rẹ̀ lọ síbòmíràn?

Àwa gbà pé ìdè tó dè wọ́n nìyí. Òkúta le lóòótọ́, àmọ́ òkúta kì í kọ gbèsè sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n mú lọ sí Strabane ni Patrick Gallagher, ọmọ abúlé Cleendra. Nígbà tó dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Skọ́tlándì. Ibẹ̀ ló ti rí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, níbi tí èrè ọjà ti ń padà sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ó padà sílé, ó ra oko. Ní 1906, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ènìyàn 14 péré, dá ẹgbẹ́ Templecrone sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló kọ́kọ́ kó wọn jọ: wọ́n rí i pé bí wọ́n bá para pọ̀ rà á, ó dín owó gan-an sí ti ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí ẹyin. Wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń tà á fúnra wọn. Nígbà tó yá, wọ́n dá ilé iṣẹ́ aṣọ híhun sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin wọn. Àwọn oníṣòwò ńlá gbógun tì wọ́n, wọn ò yẹ̀. Paddy the Cope ni wọ́n ń pe Gallagher títí ó fi kú ní 1966, nítorí ẹnu wọn ni "Cope" ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Dungloe dòní.

A ò sọ pé ẹgbẹ́ sọ òkúta di góòlù o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹkùn náà ṣì ń lọ wá iṣẹ́ ní Skọ́tlándì àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin oníṣòwò inú ẹgbẹ́ wa, ẹ má sì bínú. Òwò ò burú, àwìn gan-an ò sì burú. Ní ọdún tí oko bá kùnà, ìyẹ̀fun àwìn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró. Ohun tó burú ni kí ẹnì kan ṣoṣo di okùn náà mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì.

Ìyẹn la ṣe ń sọ pé owó yíyá nìkan ò lè gba àgbẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá yá owó nínú ẹgbẹ́ tán, tí ẹ tún lọ fi ra ajílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa gba irè oko yín ní iye tó wù ú, ọwọ́ rẹ̀ náà ni owó ẹgbẹ́ bọ́ sí. Kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jáde ní Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ti ń kó kòkó wọn jọ tà. Títà pọ̀ ni àwọn bàbá wa fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí kálukú mú iye àpò ajílẹ̀ tó máa lò lọ́dún yìí wá, kó sì sọ ibi tó ń ta irè oko rẹ̀ sí àti iye tó ń gbà. Kí akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú wa. Bí a bá rí i pa pọ̀, a ó mọ iye tí à ń sọ nù. Ènìyàn 14 ni wọ́n ní Templecrone. Àwa tí a wà níhìn-ín pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.